Ẹ́ńjìnnì Tó Mọ Èédú Wa Jẹ

Ẹ dúró lórí afárá ẹlẹ́sẹ̀ Onípanu nírọ̀lẹ́, ẹ kò ní rí ọkọ̀ ojú irin kankan. Dáńfó, kẹ̀kẹ́ Màrúwá, bọ́ọ̀sì BRT àti èrò tó ń sáré ni ẹ ó rí. Ojú irin jìnnà díẹ̀ sí wa, ó gba Yaba àti Mushin kọjá lọ sí Oshodi. Ṣùgbọ́n bí òru bá jìn, tí jẹnẹrétọ̀ àwọn aládùúgbò dákẹ́, a máa ń gbọ́ fèrè rẹ̀ láti inú yàrá tí àwa mẹ́ta jọ háyà. Òru ọjọ́ kan tí fèrè yẹn dún ni ọ̀kan nínú wa gbé ìbéèrè kan kalẹ̀ tí a fi jiyàn títí ilẹ̀ fi mọ́.

Orí fóònù ló ti rí i. Àwọn àgbàlagbà kan wà ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Amẹ́ríkà, Jámánì àti Japan tí wọ́n ń to ojú irin kékeré sínú yàrá, tí wọ́n sì ń wa ọkọ̀ kékeré lórí rẹ̀. Ẹ má rẹ́rìn-ín o, ilé-iṣẹ́ Märklin ti Jámánì ti wà nídìí iṣẹ́ yìí láti 1891. Ohun tí wọ́n fẹ́ràn láti máa jiyàn lé lórí ni pé: ẹ́ńjìnnì wo ló wu ni jù, èwo ni kì í já ni kulẹ̀? Ẹni tó bá fẹ́ èyí tó ń rìn jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́ láìta kọ́sẹ̀, tí kì í yẹ̀ kúrò lójú irin ní kọ́nà, ọ̀pọ̀ á ní kó lọ ra Kato ti Japan, tó ti ń ṣe ẹ́ńjìnnì kékeré láti 1965. Ọ̀rẹ́ wa wá bi wá pé: tiwa ńkọ́? Nínú gbogbo ẹ́ńjìnnì tó ti kọjá lórí ojú irin Nàìjíríà, èwo ló yẹ ká fi ṣe ọkọ̀ kékeré?

Ọ̀kan ní ti Red Line ni, tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbé èrò ní oṣù kẹwàá 2024, nítorí òun ló ń fọn fèrè tí à ń gbọ́. Èkejì ní ẹ́ńjìnnì tí kò tíì gbó kò tíì yẹ lẹ́ni tí à ń yìn. A dá sí ọ̀rọ̀ náà títí, a kò rí i parí, ni a bá lọ ka ìtàn.

Ọdún 1896 ni ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í la ojú irin láti Ìddó. Ó gba Abẹ́òkúta, wọ́n sì ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tó fi di 1912, èèyàn lè wọ ọkọ̀ l'Ékòó kó sì sọ̀ kalẹ̀ ní Kano, ìrìn tó ju 1,100 kìlómítà lọ. Àlàfo àárín irin méjèèjì jẹ́ mílímítà 1,067, ó kéré sí 1,435 tí wọ́n ń lò ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, nítorí ojú irin tóóró kì í náni lówó púpọ̀. Japan àti New Zealand náà lo 1,067. Ibi tó ti dùn mọ́ wa nìyí: tí a bá pín 1,067 sí ọ̀nà 64, a ó rí nǹkan bíi 16.7. Ojú irin kékeré tó wọ́pọ̀ jù lọ́jà àgbáyé jẹ́ 16.5. Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ ṣe ẹ́ńjìnnì Nàìjíríà ní ìdá kan nínú 64 kò ní wá ojú irin tì. Ọgbọ́n yìí náà ni àwọn ará New Zealand ń lò fún tiwọn.

Èédú tí wọ́n fi ọkọ̀ òkun kó wá láti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ẹ́ńjìnnì àkọ́kọ́ wọ̀nyẹn ń jẹ. Wọ́n rí èédú nítòsí Enugu ní 1909, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í wà á ní 1915. Ṣùgbọ́n iná èédú Enugu kò mú tó ti Wales. Ó di dandan kí fàyámáànù máa da púpọ̀ sínú iná kí omi tó hó dáadáa.

Ẹ́ńjìnnì tó gba ti èédú yìí rò bẹ̀rẹ̀ sí í dé ní 1948. River ni wọ́n ń pè é, ilé-iṣẹ́ Vulcan Foundry ní Newton-le-Willows sì wà lára àwọn tó ṣe é. Àwọn àgbá irin tó fi ń yí, ẹ jẹ́ ká pè wọ́n ní ẹsẹ̀: kékeré méjì níwájú, ńlá mẹ́jọ láàárín, kékeré méjì lẹ́yìn. Mikado ni orúkọ irú ẹ́ńjìnnì ẹlẹ́sẹ̀ báyìí, torí pé Japan ra irú rẹ̀ lọ́wọ́ Baldwin ti Amẹ́ríkà ní 1897, lórí ojú irin 1,067 kan náà. Ẹsẹ̀ kékeré tó wà lẹ́yìn ni àṣírí rẹ̀. Òun ló gbé àpótí iná dúró, tí àpótí náà fi lè fẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Àpótí tó fẹ̀ ló lè gba èédú Enugu tó máa tó o.

Nígbà tí àwọn ará Ìlà-Oòrùn Áfíríkà ń wá ẹ́ńjìnnì, River yìí náà ni wọ́n wò ṣe tiwọn. Ilé-iṣẹ́ North British ní Glasgow ṣe 31 fún wọn, wọ́n sún ẹsẹ̀ rẹ̀ mọ́ra díẹ̀ fún ojú irin oní-1,000 mílímítà, wọ́n sì fi orúkọ ẹ̀yà sọ wọ́n. Inú wa dùn nígbà tí a ka èyí. Ohun tí wọ́n ṣe fún Enugu ló lọ ń fa ọkọ̀ ní Kenya.

Ṣùgbọ́n a kò lè yin àpótí iná ká má dárúkọ àwọn tó ń bọ́ ọ. Ní ọjọ́ 18 oṣù kọkànlá 1949, ọlọ́pàá yìnbọn fún àwọn awakùsà ní Iva Valley, Enugu. Mọ́kànlélógún kú. Ọ̀rọ̀ owó iṣẹ́ ni wọ́n ń jà lé lórí.

Bàbá kan wà ní àdúgbò wa tó ti ṣe tọ́nà rí ní ṣọ́ọ̀bù rélùwéè l'Ébúté Mẹ́tta. Àwa ọkùnrin dọ̀bálẹ̀, ọ̀rẹ́ wa obìnrin kúnlẹ̀, a sì ro ẹjọ́ wa. Bàbá kọ́kọ́ rán wa létí pé tọ́nà ni Michael Imoudu náà, ẹni tó ṣáájú ìdaṣẹ́sílẹ̀ ńlá ti 1945. (Àwa akẹ́kọ̀ọ́ Yorùbá mọ èyí lọ́nà tiwa: òun ni Hubert Ogunde fi ṣe eré *Strike and Hunger*.) Lẹ́yìn náà ló tó dáhùn.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, River ni. Bí nǹkan bá já lára rẹ̀, àwa fúnra wa la ó rọ òmíràn. Nígbà tí ti dísẹ́ẹ̀lì dé, ó sáré jù ú lọ lóòótọ́. Àmọ́ tí nǹkan kékeré bá kú lára rẹ̀, a ó kọ̀wé sí òkè òkun, a ó sì jókòó."

A kò rí River kékeré kankan tí ilé-iṣẹ́ ń tà. Èyí tó sún mọ́ ọn jù lára ti Kato ni D51 ti Japan, Mikado ojú irin 1,067 bíi tirẹ̀. A ṣírò owó rẹ̀ sí náírà, a sì pa fóònù. A gba Jaekel House lọ nínú ọgbà rélùwéè l'Ébúté Mẹ́tta, ilé tí wọ́n kọ́ ní 1898, tó ń jẹ́ orúkọ Francis Jaekel tó kọ ìtàn rélùwéè Nàìjíríà. A wo àwòrán àtijọ́ níbẹ̀ dáadáa. A padà sí Onípanu, àdúgbò tí orúkọ rẹ̀ ń dún bíi páànù, a sì bẹ̀rẹ̀ sí í gé páànù lóòótọ́: agolo mílíìkì di bọ́ílà, agolo sàdíìnì di àpótí iná, ìdérí ìgò mínírà di ẹsẹ̀. Ìdá kan nínú 64 kọ́ o. Ìdérí ìgò kì í gbọ́ ìṣirò.

A gbé e lọ fún bàbá. Ó yí i sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó ka ẹsẹ̀ rẹ̀. Mẹ́fà péré ni ńlá tí a fi sí i. Ó tún ti ìka bọ inú agolo sàdíìnì tí a ti tẹ̀ kó lè rí tẹ́ẹ́rẹ́.

"Èyí kéré," ló wí. "Níbo ni fàyámáànù fẹ́ da èédú sí?"

A ti ra sàdíìnì mìíràn. A kò ní tẹ èyí.