Ìfọ̀rọ̀wérọ̀ àti ìfọkàntán láàárín ìjọba àti ará àdúgbò: Ìpọ̀nrí àti agbègbè rẹ̀

Kí ìjọba tó fọwọ́ kan àdúgbò, ó yẹ kó jókòó ti àwọn tó ń gbébẹ̀, kó gbọ́ tẹnu wọn, kí ohun tí wọ́n sọ sì hàn nínú iṣẹ́ náà. Ní Ìpọ̀nrí, ní Sùúrùlérè, Èkó, àti agbègbè rẹ̀, ọ̀rọ̀ ilé ló ti dán èyí wò jù. Ìpọ̀nrí wà lára ibi tí ìjọba Lateef Jakande, gómìnà Èkó (1979–1983), kọ́ ilé olówó pọ́ọ́kú sí, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà ti wà ṣáájú ìgbà yẹn.

Ní 1955, LEDB, àjọ ìjọba tó ń tún ìlú Èkó ṣe, bẹ̀rẹ̀ ètò wíwólé láàárín Erékùṣù Èkó, ó sì kó ọ̀pọ̀ ìdílé wá sí Sùúrùlérè. Wọ́n ní onílé lè padà ra ilẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n iye tí wọ́n dá lé e ga ju agbára ọ̀pọ̀ wọn lọ. Peter Marris, ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, lọ bá àwọn ìdílé wọ̀nyí nílé, ó sì tẹ ìwé jáde ní 1961. Ó rí i pé ilé tuntun dára, àmọ́ àwọn ìyá tó ń tajà ti jìnnà sí oníbàárà wọn, owó ọkọ̀ ń jẹ èrè, ẹbí sì ti fọ́n ká. Ẹ̀yìn ìwólé ni ìbéèrè Marris yìí wá o.

Ti Ìjọra-Badia, tí kò jìnnà sí Ìpọ̀nrí, tún le jù. Ní 1973, ìjọba àpapọ̀ kó àwọn tó wà níbi tí wọ́n fẹ́ kọ́ National Theatre sí ní Ìgánmú lọ síbẹ̀. Ní 2006, Báńkì Àgbáyé yá Èkó ní 200 mílíọ̀nù dọ́là fún ètò LMDGP, Badia sì wà lára àdúgbò mẹ́sàn-án tí ètò náà fẹ́ tún ṣe. Síbẹ̀, ní ọjọ́ 23 oṣù Kejì 2013, katapílà wọ Badia East. Amnesty International ní ó tó 9,000 ènìyàn, ó kéré tán, tí ọ̀rọ̀ náà kàn. Ẹgbẹ́ ajàfẹ́tọ̀ọ́ SERAC jà fún wọn, ẹjọ́ dé iwájú ìgbìmọ̀ olùyẹ̀wò Báńkì náà, ìjọba wá san owó. Ti ayálégbé kéré sí ti onílé.

Ibẹ̀ gan-an ni ìṣòro wà. Baálẹ̀ àti ẹgbẹ́ lánlọ́ọ̀dù ni àwọn aláṣẹ sábà máa ń pè sípàdé, nígbà tó jẹ́ pé ayálégbé àti ọlọ́jà ló pọ̀ jù ládùúgbò. Ẹni tó bá sì kọ́kọ́ rí àmì pupa ìwólé lára ògiri rẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó bá a sọ̀rọ̀, kò ní gba ìlérí kankan gbọ́ mọ́. Ní Badia East kan náà, wọ́n tún wólé ní oṣù Kẹsàn-án 2015.