Ẹni Tó Lè Pẹjọ́: Àgbéyẹ̀wò Òfin Epo Rọ̀bì àti Ìwakùsà ní Nàìjíríà

Bí ọ̀rọ̀ epo rọ̀bì tàbí góòlù bá délẹ̀ ní Nàìjíríà, ohun tí à ń gbọ́ jù ni pé kò sí òfin. Òfin wà, ó tilẹ̀ pọ̀. Ti epo ti wà láti 1969, wọ́n sì tún un tò ní 2021. Ti ìwakùsà jáde ní 2007. Òfin ilẹ̀ ti 1978 sì wà nídìí gbogbo wọn. Ìbéèrè tí àpilẹ̀kọ yìí fẹ́ tọ́ka sí ni pé: bí wọ́n bá rú àwọn òfin yìí, ta ni òfin fún láyè láti gbé ẹni tó rú u lọ sílé-ẹjọ́?

Èkó ni ó yẹ kí a ti bẹ̀rẹ̀. Ní 1913, ìjọba amúnisìn gba ilẹ̀ ní Àpápá. Wọ́n ní Olóyè Amodu Tijani, tí oyè rẹ̀ ń jẹ́ Olúwa, kò ní ju ẹ̀tọ́ ìṣàkóso lórí ilẹ̀ náà lọ, nítorí náà owó táṣẹ́rẹ́ ló tọ́ sí i. Olóyè náà gbé ẹjọ́ dé Lọ́ńdọ̀nù, Herbert Macaulay sì bá a lọ. Ní 1921, Privy Council, ilé-ẹjọ́ tó ga jù fún àwọn ilẹ̀ tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso, dájọ́ pé ará ìlú lápapọ̀ ló ni ilẹ̀, kí wọ́n sì san owó gbà-má-bínú fún wọn bí ẹni san án fún onílẹ̀ gan-an. Ìdájọ́ ńlá ni, àwọn agbẹjọ́rò ṣì ń lò ó dòní. Ṣùgbọ́n kó tó jáde, òfin 1916 ti sọ gbogbo ohun àlùmọ́ọ́nì inú ilẹ̀ di ti Ọba Gẹ̀ẹ́sì. Orí ilẹ̀ ni Olúwa ti jàre. Inú ilẹ̀ ti bọ́ mọ́ gbogbo wa lọ́wọ́.

Òmìnira kò dá a padà. Abala 44(3) nínú ìwé òfin 1999 fi ohun àlùmọ́ọ́nì, epo àti gáàsì sọ́wọ́ ìjọba àpapọ̀, òfin 1978 sì fi orí ilẹ̀ sábẹ́ gómìnà. Àgbẹ̀ wà láàárín àwọn méjèèjì.

Bí a bá fẹ́ mọ bí àárín yẹn ṣe há tó, ká ka abala 22 nínú òfin ìwakùsà 2007. Ó ní ìwakùsà ló ṣáájú ohunkóhun mìíràn tí èèyàn lè fi ilẹ̀ ṣe. Bí Àbújá bá ti fún ilé-iṣẹ́ kan níwèé láti wa kùsà lórí oko ẹnì kan, gómìnà gbọ́dọ̀ gba ẹ̀tọ́ ìlò ilẹ̀ náà kúrò lọ́wọ́ olóko láàárín 60 ọjọ́. Kò sọ pé ó lè gbà á. Ó ní ó gbọ́dọ̀ gbà á ni. Síbẹ̀, abala 100 nínú òfin kan náà ní kí wọ́n fi tó onílẹ̀ létí, kí ó sì gbà, kí ìwé tó jáde. N kò rí bí abala méjèèjì ṣe lè jọ gbé láìjà, bí wọ́n bá sì jà, ẹ mọ èyí tó máa borí. Ká ní àgbẹ̀ kan ní Àtàkúnmọ́sà jogún oko kòkó lọ́wọ́ bàbá rẹ̀. Nígbà tí wọ́n bá wá ṣírò owó, wọn yóò ka igi kòkó, wọn yóò ka obì àti ọ̀pẹ, wọn yóò wo ahéré bóyá páànù ni wọ́n fi bò ó. Góòlù tó wà lábẹ́ gbòǹgbò kòkó náà kò sí nínú ìṣirò, torí lójú òfin kò fìgbà kan jẹ́ tirẹ̀.

Ti gáàsì tún fi ìṣòro náà hàn lọ́nà mìíràn. Òfin 1979 ní kí ilé-iṣẹ́ epo yéé jó gáàsì láti ọjọ́ kìíní oṣù Kìíní 1984, àfi bí mínísítà bá fún wọn níwèé. "Àfi" yẹn ló gbé òfin náà mì. Láti 1998, naira 10 péré ni owó tí wọ́n ń san lórí 1,000 ẹsẹ̀ bàtà gáàsì oníhà mẹ́ta, ó sì rọ̀ wọ́n lọ́rùn láti máa san án ju kí wọ́n ra ẹ̀rọ tí yóò kó gáàsì náà jọ. Ó di 2018 kí wọ́n tó sọ ọ́ di dọ́là 2 fún àwọn tó ń wa epo púpọ̀. Jonah Gbemre, ará Iwherekan ní ìpínlẹ̀ Delta, kò dúró de ìyẹn: ó pe Shell lẹ́jọ́. Ní ọjọ́ 14 oṣù Kọkànlá 2005, ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀ ní Benin sọ pé jíjó gáàsì tẹ ẹ̀tọ́ sí ìwàláàyè àti iyì ènìyàn mọ́lẹ̀. Ó jàre, iná náà kò kú.

Ibi tí ó ń gbé ló jẹ́ kí Gbemre rí ẹnu sọ̀rọ̀. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, ẹni tí kò bá lè fi hàn pé ìyà tòun ju ti ará ìlú yòókù lọ, ilé-ẹjọ́ kì í fẹ́ gbọ́ ọ. Abala 20 ìwé òfin ní kí ìjọba dáàbò bo omi, afẹ́fẹ́ àti igbó, abala 6(6)(c) sì ní kí ilé-ẹjọ́ má bi ìjọba léèrè nípa rẹ̀. Ìdájọ́ tó ṣí ilẹ̀kùn yìí ni ti ẹgbẹ́ Centre for Oil Pollution Watch àti NNPC, lórí epo tó dà sínú odò ní Acha, ìpínlẹ̀ Abia. Ilé-ẹjọ́ tó ga jù lọ sọ ní 2018 pé ẹgbẹ́ tí kì í ṣe ará Acha lè pẹjọ́ nítorí odò náà. Lójú tèmi, kò sí ìdájọ́ tó tó èyí nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí à ń sọ yìí.

Kó tó dìgbà yẹn, ilẹ̀ òkèèrè ni àwọn èèyàn ń sá lọ. Ní oṣù Karùn-ún 1998, àwọn Ìlàjẹ tó lé ní ọgọ́rùn-ún lọ jókòó sórí ibùdó epo Parabe nínú òkun. Àwọn ológun fi hẹlikópítà tí Chevron háyà dé bá wọn, èèyàn méjì sì kú. Wọ́n pẹjọ́ ní San Francisco ní 1999. Ní ìparí 2008, ìgbìmọ̀ adájọ́ aráàlú (jury) níbẹ̀ dá Chevron láre. Ti Hague ní Netherlands sàn jù: àwọn àgbẹ̀ láti Goi àti Oruma pẹjọ́ ní 2008, wọ́n jàre ní 2021, Shell sì gbà ní 2022 láti san mílíọ̀nù 15 yúrò. Àwọn kan nínú wọn ti kú kí ó tó dìgbà yẹn. Ohun tí àwọn tó ń yin Hague máa ń gbójú fò ni pé òfin Nàìjíríà ni àwọn adájọ́ Netherlands fi dá ẹjọ́ náà.

Ká padà wálé. Òfin epo 2021 ní kí ilé-iṣẹ́ máa fi ìdá 3 nínú ọgọ́rùn-ún owó tó ná lọ́dún tó kọjá sínú àpò àwọn ìlú tó gbà á lálejò. Èyí dára. Ṣùgbọ́n abala 257 ní bí ẹnikẹ́ni bá ba ọ̀pá epo jẹ́ níbẹ̀, inú owó ìlú ni wọn yóò ti yọ owó àtúnṣe. Gbogbo ìlú á wá máa san gbèsè olè tí ọlọ́pàá kò rí mú.

Ọ̀dọ̀ wa náà, odò Ọ̀ṣun ti pọ́n nítorí àwọn tó ń fọ góòlù ní ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà. Odò yìí ló gba inú igbó Òṣogbo tí UNESCO fi sínú ìwé ogún àgbáyé ní 2005 kọjá. Ní 2022, ìjọba ìpínlẹ̀ Ọ̀ṣun kìlọ̀ fún àwọn olùsìn pé kí wọ́n má mu omi rẹ̀ nígbà ọdún Ọ̀ṣun. Ibi tí agbára rẹ̀ mọ nìyẹn. Gómìnà tí òfin pàṣẹ fún láti gba ilẹ̀ àgbẹ̀ láàárín 60 ọjọ́ kò lè gba ìwé-àṣẹ awakùsà kan ṣoṣo padà, torí ọwọ́ ìjọba àpapọ̀ ni ohun àlùmọ́ọ́nì wà. Bí àwọn olùsìn bá fẹ́ pẹjọ́ lónìí, ìdájọ́ 2018 yóò gbè wọ́n. Mínísítà tó ń rí sí ìwakùsà ní Àbújá ni kí wọ́n pè, kí wọ́n sì gbé ìwé ẹjọ́ náà lọ sí ilé-ẹjọ́ gíga ìjọba àpapọ̀, torí abala 251 kò fún ilé-ẹjọ́ gíga ìpínlẹ̀ láyè lórí ọ̀rọ̀ kùsà. Ẹ̀ka rẹ̀ kan wà ní Òṣogbo.