Kí A Tó Kọ Fọ́ọ̀mù MBA: Ìtàn Àwọn Tó Ti Wá Ẹ̀kọ́ Ìṣòwò Ṣáájú Wa

Ní ọdún 2023, awa mẹ́ta jókòó sí Ajílété, a ṣí fọ́ọ̀mù ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò kan lókè òkun sórí kọ̀ǹpútà. Kọ̀ǹpútà kì í ṣe àjèjì sí wa. Òun la kà ní yunifásítì, iṣẹ́ sọ́fítíwíà la sì fi ń jẹun. Ohun tó dá wa dúró ni ìbéèrè kan nínú fọ́ọ̀mù náà: kí lẹ ti ṣe tí ẹ fi rò pé ẹ̀kọ́ yìí tọ́ sí yín lásìkò yìí?

Ẹnì kọ̀ọ̀kan wa kọ àròkọ tirẹ̀. Nígbà tí a pààrọ̀ wọn kà, àfi bíi pé ẹnì kan ló kọ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta. Gbogbo wa la ní ipò aṣáájú ti ń wù wá láti kékeré. Irọ́ ni, ẹ̀yin ọ̀rẹ́ wa. Bọ́ọ̀lù ló ń wù wá láti kékeré.

La bá pa fọ́ọ̀mù dé, a bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìtàn. A fẹ́ mọ bí àwọn tó ti wá irú ẹ̀kọ́ yìí ṣáájú wa ṣe rí i gbà, àti ohun tó wà lọ́wọ́ wọn kí wọ́n tó lọ.

Ìwé tó ń wọkọ̀ ojú omi

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ lọ́dọ̀ ẹni tí gbogbo wa mọ̀. Wọ́n bí Olóyè Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀ ní Ìkẹ́nnẹ́ ní 1909. Òfin àti ìṣèlú ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi mọ̀ wọ́n, ṣùgbọ́n ẹ̀kọ́ ìṣòwò ni oyè yunifásítì tí wọ́n kọ́kọ́ gbà. Kí wọ́n tó gbà á, wọ́n ti ṣe tíṣà, wọ́n ti ṣe akọ̀wé tó ń tẹ̀wé, wọ́n ti ṣe akọ̀ròyìn, wọ́n ti ra kòkó tà, wọ́n sì ti fi mọ́tò kó ẹrù. Òwò yẹn já wọn kulẹ̀ nígbà kan, wọ́n jẹ gbèsè. Wọ́n tún wà nínú iṣẹ́ ẹgbẹ́ àwọn oníṣòwò irè oko àti ti àwọn onímọ́tò.

Báwo ni èèyàn tó ń sá kiri báyìí ṣe kàwé yunifásítì? Láti 1858 ni Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù ti ṣí ìdánwò rẹ̀ sílẹ̀ fún ẹni tí kò jókòó nínú kíláàsì wọn. Ẹ máa forúkọ sílẹ̀, ẹ máa gba ẹ̀kọ́ nípasẹ̀ póòsì, ẹ máa fi òru kà á, ẹ ó sì ṣe ìdánwò níbi tí ẹ wà. Ìwé ìdáhùn yín ni yóò wọkọ̀ ojú omi, kì í ṣe ẹ̀yin. Awólọ́wọ̀ gba oyè B.Com lọ́nà yìí ní 1944, nígbà tí ogun àgbáyé ṣì ń jà, tí ojú òkun ò sì rọgbọ rárá. Wọn ò tíì fẹsẹ̀ tẹ Lọ́ńdọ̀nù nígbà yẹn. Ọdún yẹn gan-an ni wọ́n wá lọ síbẹ̀ láti kọ́ ìmọ̀ òfin, wọ́n sì di lọ́yà ní oṣù kọkànlá ọdún 1946.

Ẹ fi ojú oníṣòwò wo ètò yẹn. Ìwé ìṣirò owó tí wọ́n ń kà lálẹ́, òṣùwọ̀n kòkó ti fi kọ́ wọn lọ́sàn-án. Nígbà tí ìwé bá sọ pé iye ọjà lè já wálẹ̀ lójijì, ẹni tó ti jẹ gbèsè kòkó ni ìwé ń bá sọ̀rọ̀. Ìrírí ló kọ́kọ́ dé, ìwé ló tẹ̀ lé e.

Ẹni tí ilé iṣẹ́ gbé lẹ́sẹ̀

Ní 1944 yìí kan náà, ọmọ Èkó kan gbéra lọ sí Ìlú Ọba. Akíntọ́lá Williams ni, tí wọ́n bí ní 1919. Ọ̀nà tiwọn yàtọ̀. Ilé iṣẹ́ UAC ló san owó ẹ̀kọ́ wọn ní Yaba Higher College, níbi tí wọ́n ti gba ìwé ẹ̀rí nínú ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Lẹ́yìn náà ni wọ́n wọ Yunifásítì Lọ́ńdọ̀nù, wọ́n gba B.Com ní 1946. Wọn ò dúró níbẹ̀. Ní 1949 wọ́n yege gẹ́gẹ́ bí akáwùńtáǹtì àgbà, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó dé ipò náà.

Ní Lọ́ńdọ̀nù, ọ̀nà àwọn méjèèjì pàdé. Nígbà tí wọ́n dá Ẹgbẹ́ Ọmọ Odùduwà sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1945, Awólọ́wọ̀ ni akọ̀wé, Williams sì wà lára àwọn olùdásílẹ̀. Èyí tún jẹ́ ohun tí ìwé ìléwọ́ ilé ẹ̀kọ́ kì í sọ tán: àwọn tí ẹ bá pàdé níbẹ̀ wà lára ohun tí ẹ rà.

Nígbà tí Williams padà délé, wọ́n ṣiṣẹ́ owó orí fún ìjọba títí di 1952, kí wọ́n tó dá ilé iṣẹ́ tiwọn sílẹ̀ ní Èkó, lásìkò tó jẹ́ pé àwọn òyìnbó ló gba iṣẹ́ náà kan. Ní 1965 tí òfin dá àjọ ICAN sílẹ̀, àwọn ni ààrẹ àkọ́kọ́. Wọ́n kú ní 2023, ọdún tí awa náà ṣí fọ́ọ̀mù. Ẹni ọdún 104 ni wọ́n.

GMAT dé

Nígbà tí àwọn méjèèjì ń kàwé, kò sí ohun tó ń jẹ́ GMAT. Harvard ti ní ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò láti 1908, àmọ́ kò sí ìdánwò kan tí gbogbo ilé ẹ̀kọ́ jọ ń lò. 1953 ni aṣojú ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò mẹ́sàn-án jókòó ní Amẹ́ríkà pé àwọn fẹ́ òṣùwọ̀n kan náà. Wọ́n ṣe ìdánwò náà fún ìgbà àkọ́kọ́ ní 1954, orúkọ rẹ̀ sì di GMAT ní 1976. Láàárín àkókò yẹn, ilé ẹ̀kọ́ ń pọ̀ sí i: INSEAD ní Faransé ní 1957, London Business School ní 1964. Nílé níbí, Lagos Business School dé ní 1991.

Ní 1997, GMAT kúrò lórí bébà, ó bọ́ sórí kọ̀ǹpútà. Ibí yìí ni iṣẹ́ wa ti wúlò fún wa. Tí ẹ bá ń wá ọ̀rọ̀ nínú ìwé atúmọ̀ èdè, ẹ ò ní bẹ̀rẹ̀ láti ojú ìwé kìíní. Ẹ ó ṣí àárín, ẹ ó wò ó bóyá ọ̀rọ̀ yín wà níwájú tàbí lẹ́yìn. GMAT fara jọ bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá gba ìbéèrè kan, èyí tó le jù ú lọ lè tẹ̀ lé e. Tí ẹ bá kùnà, ó máa rọ̀ ọ́ díẹ̀, títí yóò fi mọ ibi tí agbára yín dé. Nítorí náà, tó bá ń le sí i, ẹ má fòyà. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ pé ẹ̀ ń ṣe dáadáa.

Ẹ̀yà tuntun tó jáde ní ìparí 2023 ní abala mẹ́ta: ìṣirò, èdè, àti òye àkọsílẹ̀ oríṣiríṣi. Ìṣẹ́jú 45 ni fún ọ̀kọ̀ọ̀kan, ìbéèrè 64 lápapọ̀, máàkì sì bẹ̀rẹ̀ láti 205 dé 805. Ẹ lè padà lọ yí ìdáhùn mẹ́ta padà nínú abala kọ̀ọ̀kan. Èyí ṣeé kọ́. Ẹni tó bá fi oṣù bíi mélòó kan múra gidi, yóò rí ìyàtọ̀.

Ìdánwò náà ò wá pa ìbéèrè àkọ́kọ́ rẹ́. Ó lè sọ bí ọpọlọ yín ṣe yá tó lórí ìṣirò. Kò lè sọ ohun tí ẹ ti fi ọpọlọ náà ṣe.

A tún gbọ́dọ̀ sọ òótọ́ kan. Nígbà tí wọ́n bá dárúkọ MBA lókè òkun ní ìpínlẹ̀ Ògùn, Adébáyọ̀ Ògúnlẹ́sì ni ẹnu máa ń kàn, ẹni tó gba oyè òfin àti ti ìṣòwò pọ̀ ní Harvard ní 1979, tí ilé iṣẹ́ tó kó jọ ní 2006 sì ra pápákọ̀ òfuurufú Gatwick ní 2009. Ṣàgámù ni ilé baba wọn. Ṣùgbọ́n King's College ní Èkó ni wọ́n ti lọ sí Oxford, ọ̀jọ̀gbọ́n ìmọ̀ ìṣègùn sì ni bàbá wọn. Iṣẹ́ ọwọ́ wọn la fi ń yìn wọ́n, àmọ́ ẹ má fi àkàbà wọn wọn tiyín.

Ìwé gbèsè Màmá

Kí wá ni àkàbà ti Ajílété? Ojú ọ̀nà tó lọ sí Ìdí-Ìrókò la wà. Ní 1889, Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé fa ìlà kọjá láàárín àwọn èèyàn wa; Ṣàkẹ́tẹ́, Pọ́bẹ̀ àti Kétu bọ́ sí apá ọ̀hún, awa bọ́ sí apá ibí. Àwọn ìbátan wa tó wà lọ́hùn-ún, Paris ni wọ́n ń wò tí wọ́n bá ń ronú ilé ẹ̀kọ́ ìṣòwò. Awa ń wo Lọ́ńdọ̀nù àti Boston. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ ọjà, Yorùbá kan náà la fi ń ná ọjà.

Ìyá ọ̀kan nínú wa ń ta gàrí àti èlùbọ́ fún àwọn oníbàárà tó ń ti ìkọjá ẹnubodè wá. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2019, wọ́n ti ẹnubodè pa, ó sì di òpin 2020 kí àṣẹ ṣíṣí tó jáde. Oníbàárà ò wá mọ́. Gbèsè wà nínú ìwé Màmá, òmíràn ní náírà, òmíràn ní sẹ́fà, iye tí wọ́n fi ń ṣẹ́ owó sì ń yí padà. Awa mẹ́ta kọ sọ́fítíwíà kékeré kan sórí fóònù láti tọ́jú rẹ̀. Àwọn ìyá mìíràn rí i, wọ́n fẹ́ ẹ, lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì wọ́n pa á tì. Kí ló dé? Orúkọ onígbèsè ń hàn lójú fóònù, ọmọ ilé sì ń kà á síta. Ìtìjú oníbàárà nìyẹn, wọn ò sì fẹ́ pàdánù oníbàárà. A yọ orúkọ kúrò, a fi àmì tí ìyá kọ̀ọ̀kan fúnra rẹ̀ yàn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n padà wá.

Ẹ gbà wá gbọ́, kò sí èyí nínú àròkọ àkọ́kọ́ tí a kọ. Ojú ń tì wá. A rò pé gàrí ò ṣeé gbé dé iwájú òyìnbó. Ìgbà tí a ka ìtàn Awólọ́wọ̀ àti òṣùwọ̀n kòkó ni ojú wa là. A tún àròkọ kọ, a fi ìwé gbèsè ṣe orí rẹ̀, a sì kọ ibi tí a ti kùnà sí i.

Ọ̀kan nínú wa rí àyè gbà. Ilé ẹ̀kọ́ náà máa san ìdajì owó. Ṣùgbọ́n láàárín àsìkò tí a bẹ̀rẹ̀ àti ìgbà tí lẹ́tà dé, náírà ti já wálẹ̀. Dọ́là ẹgbẹ̀rún kan tó jẹ́ bíi ₦460,000 lójú báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ 2023 ti di bíi mílíọ̀nù kan àtààbọ̀ ní 2024. Ẹbí ní kí wọ́n ta ilẹ̀ ẹ̀bá títì. Màmá gbọ́, wọ́n pè wá.

"Ẹ̀yin ọmọ yìí, ìgbà wo ni owó ilẹ̀ yìí máa padà wọlé?"

"Màmá, ẹ jẹ́ ká lọ ṣírò rẹ̀."

A ṣírò rẹ̀ lóru ọjọ́ yẹn: owó ilé ẹ̀kọ́, owó ilé, físà, owó oṣù tí kò ní wọlé fún ọdún kan. Ọdún mẹ́sàn-án ló já sí, ìyẹn tí iṣẹ́ bá yá. A ò ta ilẹ̀. A kọ̀wé sí ilé ẹ̀kọ́ pé kí wọ́n sún àyè náà síwájú fún ọdún kan, wọ́n gbà, a sì ń wá ẹni tó máa san ìdajì tó kù. A ò tíì rí i.

Nítorí náà, tí ìwọ tó ń kà á bá fẹ́ kọ fọ́ọ̀mù tìrẹ, má kọ́kọ́ sanwó ìdánwò. Mú bébà, kọ ohun kan tí o ti ṣe tó kan owó ẹlòmíràn, àti ohun tó bàjẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà, gbé e lọ fún ẹni tó ń tajà nílé yín kó bi ọ́ ní ìbéèrè. Tí o bá rí ìdáhùn fún un, o lè ṣí fọ́ọ̀mù.