Bí Àgbà Bá Ṣubú ní Bercy

Bí ọmọdé bá ṣubú, a wo iwájú. Bí àgbà bá ṣubú, a wo ẹ̀yìn. Òwe yìí kò sọ pé àgbà kì í ṣubú. Tọmọdé tàgbà ni ilẹ̀ ń fà. Ibi tí ojú kálukú ń lọ lẹ́yìn tó bá ti ṣubú tán ni wọ́n ti yàtọ̀. Ọmọdé ń wo iwájú nítorí pé ó ń wá ẹni tí yóò gbé e dìde, tí yóò gbọn eruku ara rẹ̀ nù, tí yóò sì kí i ní pẹ̀lẹ́. Àgbà mọ̀ pé kò sí ẹni tó ń bọ̀ wá gbé òun. Ohun tó gbé e ṣubú ló ń wá kiri: ṣé gbòǹgbò ni, ṣé òkúta ni, àbí bàtà ẹsẹ̀ rẹ̀ ló tóbi jù? Tó bá ti rí i, ó ti mọ ibi tí yóò gbé ẹsẹ̀ sí nígbà tó bá tún gba ọ̀nà náà kọjá.

Níbi ìdíje Òlíńpíìkì ti Paris ní 2024, ẹni tó bá wo eré òkìtì rí ojú méjèèjì tí òwe yìí ní. Jìmínásíìkì ni àwọn oníròyìn ń pe eré náà, ṣùgbọ́n òkìtì kì í ṣe àjèjì sí Yorùbá. Eégún alárìnjó ti ń ta á lójú agbo láti ayébáyé. Láti ọjọ́ 27 oṣù Keje títí di ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, ọkùnrin 96 àti obìnrin 96 ló kópa nínú eré náà ní gbọ̀ngàn Bercy. Wọ́n fi ọwọ́ rọ̀ mọ́ ọ̀pá, wọ́n fò, wọ́n yí lófuurufú. Ọ̀pọ̀ nínú wọn sì ṣubú.

Igi tẹ́ẹ́rẹ́ tí àwọn obìnrin ń ṣeré lórí rẹ̀ ni ìṣubú pọ̀ sí jù. Igi náà gùn ní mítà 5, ó ga ní sẹ̀ǹtímítà 125, ìbú rẹ̀ kò sì ju sẹ̀ǹtímítà 10 lọ. Lórí ohun tí kò fẹ̀ ju àtẹ́lẹwọ́ lọ yìí ni eléré yóò ti ta òkìtì sẹ́yìn, tí yóò fò, tí yóò fi ẹsẹ̀ kan pòòyì, kí ìṣẹ́jú kan àbọ̀ tó pé. Tó bá já bọ́, ìṣẹ́jú àáyá 10 péré ló ní láti padà gòkè, àwọn adájọ́ yóò sì yọ máàkì kan gbáko nínú tirẹ̀.

Ní ọjọ́ 5 oṣù Kẹjọ, níbi àṣekágbá orí igi náà, Sunisa Lee ti Amẹ́ríkà já bọ́. Júlia Soares ti Brazil já bọ́. Sabrina Maneca-Voinea ti Romania já bọ́. Simone Biles, tí ayé ń pè ní ọ̀gá pátápátá nínú eré yìí, gorí igi, òun náà já bọ́. Máàkì 13.100 ni wọ́n fún un. Ká ní wọ́n dá máàkì kan tí wọ́n yọ yẹn padà fún un ni, 14.100 ni ì bá ní, iye kan náà tí Zhou Yaqin ti Ṣáínà fi gba fàdákà. Alice D'Amato, ọmọ ọdún 21 láti Ítálì, dúró lórí igi láìṣubú, ó gba 14.366, ó sì di obìnrin Ítálì àkọ́kọ́ tó gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré òkìtì. Àwọn tó ṣubú padà gorí igi, wọ́n sì parí eré wọn.

Ìpadàgòkè yẹn ni ìtàn wà nínú rẹ̀, nítorí pé ojú tí àwọn eléré yìí fi ń wo ìṣubú kò rí bẹ́ẹ̀ ní àádọ́ta ọdún sẹ́yìn.

Ní ọjọ́ 18 oṣù Keje 1976, ní Montreal, Nadia Comăneci láti Romania ṣeré lórí ọ̀pá méjì tí ọ̀kan ga ju èkejì lọ, àwọn adájọ́ sì fún un ní 10. Kò sí ẹni tó gba irú rẹ̀ rí ní Òlíńpíìkì. Pátákó tí wọ́n fi ń gbé máàkì hàn kò tilẹ̀ ní àyè fún un, 1.00 ló gbé jáde. Ọmọ ọdún 14 ni Nadia. Láti ìgbà náà ni orílẹ̀-èdè púpọ̀ ti gbà pé eré ọmọdé ni eré yìí. Ara ọmọdé fúyẹ́, egungun rẹ̀ rọ̀, ẹ̀rù kì í sì í tètè bà á. Wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa ọmọ kéékèèké jọ, wọ́n fà wọ́n lé kóòṣì lọ́wọ́, kóòṣì náà ló sì ń pàṣẹ ohun tí ọmọ yóò ṣe àti ìgbà tí yóò ṣe é. Ọmọ tó bá ṣubú a wojú kóòṣì. Tí kóòṣì bá ní ó tó, ó tó. Tó bá ní kó tún un ṣe, yóò tún un ṣe.

Elena Mukhina san gbèsè àṣà yìí. Òun ló gba ipò kìíní lágbàáyé ní 1978 fún Soviet. Lẹ́yìn náà ló kán ní ẹsẹ̀, wọ́n sì dá a padà sẹ́nu iṣẹ́ kí ara rẹ̀ tó le dáadáa. Òkìtì kan wà tí wọ́n ní kó máa ta, èyí tó ń ba òun fúnra rẹ̀ lẹ́rù. Ní oṣù Keje 1980, nígbà tí Òlíńpíìkì Moscow ku bí ọ̀sẹ̀ méjì, ó ta òkìtì náà níbi ìgbaradì ní Minsk, ọrùn rẹ̀ sì kán. Ẹni ọdún 20 ni nígbà náà. Kò lè rìn mọ́ títí ó fi kú ní 2006.

Ewu mìíràn tún wà nínú ojú tó ń wo iwájú. Iwájú tí ọmọdé ń wò, àgbà ló dúró síbẹ̀. Tí àgbà náà bá wá jẹ́ ìkookò ńkọ́? Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni Larry Nassar, dókítà ẹgbẹ́ eléré òkìtì Amẹ́ríkà, fi ìtọ́jú bojú, tó ń bá àwọn ọmọbìnrin tó wá sọ́dọ̀ rẹ̀ ṣèṣekúṣe. Ní oṣù Kìíní 2018, ilé ẹjọ́ kan ní Michigan rán an lọ sẹ́wọ̀n ọdún 40 sí 175. Biles wà lára àwọn tó ṣe èyí sí, ó sì jókòó níwájú àwọn aṣòfin àgbà Amẹ́ríkà ní oṣù Kẹsàn-án 2021, ó sọ ọ́ síta, ó sì bẹnu àtẹ́ lu àwọn tó yẹ kó dáàbò bo àwọn ọmọ náà tí wọn kò ṣe bẹ́ẹ̀.

Díẹ̀díẹ̀ ni nǹkan yí padà. Láti 1997, obìnrin tí kò ní pé ọdún 16 nínú ọdún ìdíje kò lè kópa ní Òlíńpíìkì mọ́. Ní 2006, wọ́n pa 10 tí Nadia gbà rẹ́ nínú ìṣirò, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìnira òkìtì lọ́tọ̀, bí wọ́n ṣe ta á mọ́ lọ́tọ̀. Òkìtì tó nira ń fẹ́ agbára, agbára sì jẹ́ ohun tí ara ń kó jọ pẹ̀lú ọdún. Oksana Chusovitina ti Uzbekistan tilẹ̀ ti fi hàn pé ọdún kò dí ọ̀nà mọ́ ẹnikẹ́ni. Òlíńpíìkì mẹ́jọ ló lọ, láti Barcelona 1992 títí dé Tokyo, níbi tó ti jẹ́ ẹni ọdún 46. Nígbà tí ọmọ rẹ̀ ní àrùn jẹjẹrẹ inú ẹ̀jẹ̀, Jámánì ló gbé e lọ fún ìtọ́jú, ó sì ń díje fún Jámánì náà. Fàdákà ló gbà fún wọn ní Beijing ní 2008, ẹni ọdún 33 sì ni nígbà náà.

Tokyo ni ẹ̀yìn tí Biles ní láti wò wà. Ní ọjọ́ 27 oṣù Keje 2021, ó sáré, ó ti ọwọ́ lé tábìlì, ó fò. Ìyípo méjì àbọ̀ ló fẹ́ yí lófuurufú. Ẹyọ kan àbọ̀ ló rí yí. Kò mọ ibi tí ilẹ̀ wà mọ́. Twisties ni àwọn eléré náà ń pè é: ara ń lọ sókè, ọpọlọ kò sì mọ ibi tí ara wà. Ẹsẹ̀ ló ṣì fi balẹ̀, àwọn adájọ́ fún un ní 13.766, ó sì yọ ara rẹ̀ kúrò nínú ìdíje ẹgbẹ́ lọ́jọ́ náà. Àwọn kan pè é ní ojo. Ẹni tó bá rántí ọrùn Mukhina kò ní pè é bẹ́ẹ̀. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó padà wá sórí igi tẹ́ẹ́rẹ́, ó gba idẹ, ó sì fi ìdíje sílẹ̀ fún ọdún méjì.

Ohun tó ṣe láàárín ọdún méjì yẹn gan-an ni òwe ń pè ní wíwo ẹ̀yìn. Ó lọ sọ́dọ̀ oníṣègùn ọkàn, ó sì tún àwọn òkìtì rẹ̀ kọ́ pẹ̀lú sùúrù. Ní Paris, ó sọ fún àwọn oníròyìn pé òun bá oníṣègùn náà sọ̀rọ̀ láàárọ̀ ọjọ́ àṣekágbá ẹgbẹ́. Wúrà ni Amẹ́ríkà gbà lọ́jọ́ náà. Ní ọjọ́ 1 oṣù Kẹjọ, níbi àṣekágbá ẹni tó mọ gbogbo rẹ̀ ṣe jù, ó ṣe àṣìṣe lórí ọ̀pá, ó sì bọ́ sí ipò kẹta. Ó jókòó, ó di ojú rẹ̀, ó mí kanlẹ̀. Lẹ́yìn náà ló bọ́ sórí igi, ó bọ́ sórí ilẹ̀, ó sì fi 59.131 borí. Ẹni ọdún 27 ni. Láti ìgbà tí Maria Gorokhovskaya ti Soviet ti borí ní Helsinki ní 1952, nígbà tó jẹ́ ẹni ọdún 30, kò sí obìnrin tó dàgbà tó Biles tó gba wúrà yẹn.

Kì í ṣe Biles nìkan ni Tokyo fi ìṣubú ránṣẹ́ sí Paris. Rhys McClenaghan ti Ireland ń ṣeré lórí ẹṣin onígi, níbi tí ọwọ́ nìkan ti ń gbé gbogbo ara, tí ẹsẹ̀ ń pòòyì lókè. Ní 2021, ìka ọwọ́ rẹ̀ há sábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ ara rẹ̀, ó já bọ́, ó sì ṣe ipò keje. Ó padà sílé lọ wá ohun tó gbé e ṣubú. Ó borí lágbàáyé ní 2022, ó tún borí ní 2023, nígbà tó sì di ọjọ́ 3 oṣù Kẹjọ 2024, ó fi 15.533 gba wúrà, èyí tó jẹ́ àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì àkọ́kọ́ tí Ireland gbà nínú eré òkìtì.

Ọjọ́ orí nìkan kọ́ sì ni òwe yìí fi ń wọn àgbà. Kaylia Nemour kò ju ọmọ ọdún 17 lọ. Ilẹ̀ Faransé ni wọ́n bí i sí, níbẹ̀ ni wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún orúnkún rẹ̀ ní 2021, níbẹ̀ náà sì ni aáwọ̀ ti bẹ́ sílẹ̀ láàárín ẹgbẹ́ tó ti ń kọ́ṣẹ́ àti àwọn aláṣẹ eré náà lórí ìgbà tó yẹ kó padà sẹ́nu iṣẹ́. Ó wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sì rí Algeria, ilẹ̀ bàbá rẹ̀. Àsíá Algeria ló gbé wá sí Paris, ó gba 15.700 lórí ọ̀pá méjì ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹjọ, Áfíríkà sì gba wúrà Òlíńpíìkì nínú eré òkìtì fún ìgbà àkọ́kọ́. Uche Eke, ọmọ Nàìjíríà tó dàgbà ní Amẹ́ríkà, ti ṣí ọ̀nà tirẹ̀ ní Tokyo, nígbà tó di ẹni àkọ́kọ́ tó ṣojú Nàìjíríà nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì.

Ọ̀sán ọjọ́ tí Biles já bọ́ lórí igi yẹn náà ni àṣekágbá eré orí ilẹ̀. Ibẹ̀ ni Rebeca Andrade ti Brazil wà. Ìyá rẹ̀ ló fi iṣẹ́ ọmọ ọ̀dọ̀ nílé onílé tọ́ ọmọ mẹ́jọ. Ní 2015, ní 2017 àti ní 2019, ẹ̀ẹ̀mẹta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, iṣan orúnkún ọ̀tún rẹ̀ já, wọ́n sì ṣiṣẹ́ abẹ fún un lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀mẹ́tẹ̀ẹ̀ta náà ló dìde padà. Biles fò kọjá ìlà lẹ́ẹ̀mejì lọ́sàn-án ọjọ́ náà, wọ́n sì yọ 0.6 nínú máàkì rẹ̀. Ó gba 14.133. Andrade gba 14.166, ó sì di ẹni tó ní àmì ẹ̀yẹ Òlíńpíìkì jù nínú gbogbo ọmọ Brazil, mẹ́fà lápapọ̀.

Jordan Chiles ti Amẹ́ríkà ni wọ́n fún ní idẹ. Ọjọ́ díẹ̀ lẹ́yìn náà, ilé ẹjọ́ eré ìdárayá ní kóòṣì rẹ̀ fi ìṣẹ́jú àáyá 4 pẹ́ kó tó bèèrè àtúnwò máàkì, idẹ náà sì kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó lọ sọ́wọ́ Ana Bărbosu ti Romania. Ṣùgbọ́n lọ́sàn-án ọjọ́ tí à ń wí yìí, àwọn mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló dúró lórí pèpéle, ìgbà àkọ́kọ́ tí aláwọ̀ dúdú mẹ́ta yóò dúró pọ̀ níbẹ̀ nínú eré yìí ní Òlíńpíìkì. Lójú Yorùbá, àbúrò ló ń kúnlẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n. Biles fi ọdún méjì ju Andrade lọ. Bí wọ́n ṣe pe orúkọ ọmọ Brazil náà, Biles yíjú sí i láti apá kan, Chiles yíjú sí i láti apá kejì, àwọn méjèèjì kúnlẹ̀ lórí orúnkún kan, wọ́n na ọwọ́ sí i. Andrade gbé apá méjèèjì sókè láàárín wọn, orúnkún tí wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ fún lẹ́ẹ̀mẹta sì gbé e dúró ṣánṣán.