Ọ̀nà Kan Kò Wọ Ọjà: Minicab àti Òfin Takisí ní Ìlú London

Ní ìlú London, ọ̀nà méjì ni ènìyàn fi ń wọ takisí. Ó lè dúró lẹ́bàá títì kí ó nawọ́ sí káàbù dúdú. Ó sì lè jókòó sílé kí ó ránṣẹ́ pe minicab. Ohun tí a fẹ́ fi hàn níhìn-ín ni pé kì í ṣe irú ọkọ̀ ni ó pín àwọn méjèèjì níyà bí kò ṣe òfin, àti pé ìpín náà ni ó ń sọ ẹni tí yóò rí oúnjẹ òòjọ́ jẹ nídìí ọkọ̀ wíwà.

Òfin ọdún 1869 ni ó pàṣẹ pé ọkọ̀ tí ó bá ń wá èrò kiri ní títì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ. Láti ayé ọkọ̀ ẹlẹ́ṣin ni awakọ̀ káàbù sì ti ń ṣe ìdánwò tí wọ́n ń pè ní Knowledge. Lónìí, títì bí 25,000 tí ó yí Charing Cross ká ni yóò há sórí. Ó sì máa ń gbà á ní ọdún mélòó kan.

Ní ọdún 1961, ilé-iṣẹ́ Welbeck Motors kó ọkọ̀ Renault Dauphine kéékèèké jáde. Àlàyé wọn ni pé àwọn kò wá èrò kiri. Èrò ni ó ń fi tẹlifóònù pe àwọn. Inú bí àwọn awakọ̀ káàbù dúdú, ṣùgbọ́n òfin ọdún 1869 kò sọ̀rọ̀ nípa tẹlifóònù.

Àlàfo yìí ni minicab gbà wọlé, títí di ìgbà tí wọ́n ṣe òfin tirẹ̀ ní ọdún 1998. Ó ṣí ilẹ̀kùn iṣẹ́ fún àwọn àlejò láti Caribbean, Éṣíà àti Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà, àwọn ọmọ Yorùbá pẹ̀lú wọn. Ẹni tí ó bá mọ kábúkábú ìlú Èkó kò nílò àlàyé púpọ̀: ọkọ̀ aládàáni tí kò kun ọ̀dà takisí, tí ó sì ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí kò ní aṣọ́nà, olè náà lè gbà á wọlé. Kò sí ìwé àṣẹ tí ó fi èrò lọ́kàn balẹ̀ nípa ọkọ̀ tàbí awakọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni òfin kò fi bẹ́ẹ̀ dáàbò bo awakọ̀ pàápàá.

Nígbà tí Uber dé London ní ọdún 2012, fóònù alágbèéká gba iṣẹ́ tẹlifóònù àtijọ́ ṣe. Ilé-iṣẹ́ náà ní ọ̀gá ara wọn ni àwọn awakọ̀ òun. James Farrar àti Yaseen Aslam, tí wọ́n ti wakọ̀ níbẹ̀, pe ẹjọ́ takò ó. Ní ọjọ́ 19 oṣù Kejì ọdún 2021, Ilé-Ẹjọ́ Tó Ga Jù Lọ dájọ́ pé òṣìṣẹ́ ni wọ́n. Wọ́n lẹ́tọ̀ọ́ sí owó iṣẹ́ tí kò gbọdọ̀ dín sí iye tí òfin là sílẹ̀, àti sí ìsinmi tí a ń san owó fún.

Ọgọ́ta ọdún ni ó wà láàárín Dauphine àkọ́kọ́ àti ìdájọ́ yẹn. Ọ̀nà kan kò wọ ọjà lóòótọ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó gba ọ̀nà tuntun wọjà ni ó pẹ́ jù lọ kí òfin tó mọ̀ ọ́n.