Ilé Wo Ni Wọ́n Wò? Ìtàn Orúkọ Àwọn Yunifásítì Wa ní Àkúrẹ́ àti Oǹdó

Ní agbègbè wa yìí, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ọdún tí a kì í gbọ́ ìròyìn ayẹyẹ ìgboyè, tàbí ti gíwá tuntun, tàbí ti ẹ̀ka-ẹ̀kọ́ tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Bí ọjọ́ ìgboyè bá kò, àlejò a máa pọ̀ nílùú Àkúrẹ́, láti Arákálé títí dé Ọjà Ọba. Àwọn ènìyàn a máa béèrè iye ọmọ tí ó wà ní ipò kìíní. Èmi ní tèmi, nítorí iṣẹ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè tí mo ń ṣe, orúkọ tí wọ́n kọ sára pátákó ìkéde ni ojú mi kọ́kọ́ máa ń lọ sí.

Àwọn àgbà ní ilé là ń wò kí a tó sọ ọmọ lórúkọ. Orúkọ Yorùbá kì í ṣe àmì lásán tí a fi ń ya ẹnì kan sọ́tọ̀ sí ẹlòmíràn. Gbólóhùn ni, ó sì máa ń sọ bí ilé ti rí nígbà tí ọmọ dé. Babátúndé sọ fún wa pé bàbá àgbà ti lọ kí ọmọ tó wọlé. Abíọ́nà sọ pé ojú ọ̀nà ni ìyá rẹ̀ wà nígbà tí ó bí i. Bí a bá mú òye yìí lọ sọ́dọ̀ àwọn yunifásítì wa, a ó rí i pé àwọn náà ní àmútọ̀runwá, wọ́n ní àbísọ, wọ́n ní ìnagijẹ, àbíkú pàápàá sì wà láàárín wọn. Ìbéèrè tí mo fẹ́ gbé yẹ̀ wò ni pé, ilé wo ni àwọn tí ó sọ wọ́n lórúkọ wò?

Ẹ jẹ́ kí a bẹ̀rẹ̀ láti Àkúrẹ́. Ọdún 1976 ni a yọ ìpínlẹ̀ Oǹdó kúrò lára ìpínlẹ̀ Ìwọ̀-Oòrùn àtijọ́, tí Àkúrẹ́ sì di olú-ìlú rẹ̀. Ní 1981, nígbà tí Alhaji Shehu Shagari jẹ́ ààrẹ, ìjọba àpapọ̀ dá Federal University of Technology sílẹ̀ níbẹ̀. Kì í ṣe òun nìkan ni ọmọ tí a bí lásìkò náà. Láàárín 1980 sí 1983, méje irú rẹ̀ ni ìjọba yẹn dá sílẹ̀: Bauchi, Makurdi, Owerri, Àkúrẹ́, Yola, Abẹ́òkúta àti Minna. Orúkọ kan náà ni gbogbo wọn ń jẹ́, ìlú nìkan ni ó yà wọ́n sọ́tọ̀. Bí a bá bí ìbejì, kò sẹ́ni tí í ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ronú Táyé àti Kẹ́hìndé. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti àwọn méje yìí, àmútọ̀runwá ni orúkọ wọn. Iṣẹ́ tí wọ́n rán wọn wá ṣe ni ó wà nínú rẹ̀. Àkọmọ̀nà tí Àkúrẹ́ mú fún ara rẹ̀ sì là á yé wa: ìmọ̀-ẹ̀rọ tí ènìyàn yóò fi lè dá dúró lórí ẹsẹ̀ ara rẹ̀.

Kò pẹ́ tí owó epo fi wálẹ̀. Àwọn ológun gba ìjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá ọdún 1983. Nígbà tí ó di 1984, ìjọba Ọ̀gágun Muhammadu Buhari so mẹ́rin nínú àwọn méje náà mọ́ àwọn yunifásítì tí ó ti dàgbà jù wọ́n lọ. Wọ́n so Bauchi mọ́ Ahmadu Bello ní Zaria, Makurdi mọ́ Jos, Yola mọ́ Maiduguri, Abẹ́òkúta mọ́ ti Èkó. Àkúrẹ́, Owerri àti Minna nìkan ni ó ṣẹ́kù tí ó ń dá jẹ́ orúkọ ara rẹ̀.

Àwọn mẹ́rin náà tún padà gba òmìnira ní 1988. Ẹni tí ó bá mọ àṣà wa yóò rántí bí a ti ń ṣe fún àbíkú tí ó bá padà wá. A kì í sábà dá orúkọ àkọ́kọ́ padà fún un, Málọmọ́ ni à ń pè é, tàbí Dúrójayé, tàbí Kòkúmọ́. Abẹ́òkúta àti Makurdi padà dé gẹ́gẹ́ bí yunifásítì iṣẹ́ àgbẹ̀. Bauchi padà dé pẹ̀lú orúkọ Abubakar Tafawa Balewa. Yola nìkan ni ó padà wá jẹ́ orúkọ àtijọ́, títí di 2011 tí wọ́n fi sọ ọ́ ní Modibbo Adama. Ti Àkúrẹ́ kò yí padà, nítorí pé kò kú rí. Nígbà tí a bá ń ka ìdàgbàsókè Fútà lónìí, sátẹ́láìtì kékeré NigeriaEduSat-1 tí wọ́n bá ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀-ẹ̀rọ Kyushu ní Japan ṣe, tí ó lọ sí òfurufú ní 2017, tàbí ti Ọ̀jọ̀gbọ́n Adéníkẹ̀ẹ́ Ọládìjí tí ó di obìnrin àkọ́kọ́ tí yóò jẹ́ gíwá rẹ̀ ní 2022, ó yẹ kí a rántí pé ìwé ìjọba kan ṣoṣo ní 1984 ni kò bá ti gba gbogbo rẹ̀ lọ́wọ́ wa.

Mo kúkú ti pè é ní Fútà. Ìnagijẹ rẹ̀ nìyẹn, ó sì dùn mọ́ onímọ̀ èdè nínú. Lẹ́tà mẹ́rin tí ó bẹ̀rẹ̀ àwọn ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n kó jọ, wọ́n sì di ọ̀rọ̀ onísílébù méjì. Kò sí kọ́ńsónáǹtì méjì tí ó tẹ̀lé ara wọn níbẹ̀, fáwẹ́lì ni ó sì parí rẹ̀, àfi bí ẹni pé Yorùbá ni wọ́n fi dá a. Ọlọ́kadà kò nílò ilé-ìwé kí ó tó lè pè é. Nínú ọgbà rẹ̀ náà, Ọbańlá àti Ọbakékeré ni orúkọ apá méjèèjì, etí Yorùbá kò sì nílò ògbufọ̀ láti mọ èyí tí ó tóbi nínú wọn.

Ọ̀ràn yunifásítì tí ó jẹ́ ti ìpínlẹ̀ fúnra rẹ̀ lọ́jú pọ̀ ju èyí lọ. Ní 1982 ni Gómìnà Michael Adékúnlé Ajáṣin dá a sílẹ̀ sí Adó-Èkìtì, nítorí pé Èkìtì ṣì wà lára ìpínlẹ̀ Oǹdó nígbà náà. Olùkọ́ ni Ajáṣin kí ó tó di olóṣèlú. Ó kàwé ní Fourah Bay ní Sierra Leone, ó ṣe ọ̀gá ilé-ìwé Imade College ní Ọ̀wọ̀, ọwọ́ rẹ̀ sì wà nínú ètò ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ tí ó bẹ̀rẹ̀ ní Ìwọ̀-Oòrùn ní 1955. Orúkọ tí ó sọ yunifásítì tuntun yìí ni Obafemi Awolowo University. Bẹ́ẹ̀ ni, ní Adó-Èkìtì. Awólọ́wọ̀ ṣì wà láàyè, òun ni aṣíwájú ẹgbẹ́ UPN tí Ajáṣin jẹ́ gómìnà lábẹ́ rẹ̀. Àwa a máa dúró kí bàbá lọ tán kí a tó sọ ọmọ ní Babátúndé, ṣùgbọ́n òṣèlú kì í ní irú sùúrù bẹ́ẹ̀.

Ní 1985, ìjọba ológun yọ orúkọ náà kúrò, ilé-ẹ̀kọ́ náà sì di Ondo State University. Awólọ́wọ̀ kú ní ọjọ́ 9 oṣù Karùn-ún ọdún 1987. Kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé, ìjọba àpapọ̀ ti gbé orúkọ rẹ̀ fún Yunifásítì Ifẹ̀, ọwọ́ Ifẹ̀ ni ó sì wà títí di òní. Ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ tí mo bá sọ ọ́ fún ni kò gbà gbọ́ pé Adó ti jẹ́ orúkọ yẹn ṣáájú Ifẹ̀.

Nígbà tí a dá ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, yunifásítì bá ìlú rẹ̀ lọ. Adó di University of Ado-Ekiti, ó sì di Ekiti State University ní 2011 nígbà tí a so yunifásítì mẹ́ta pọ̀ níbẹ̀. Ìpínlẹ̀ Oǹdó wá ibòmíràn fún tirẹ̀. Ní 1999, Gómìnà Adébáyọ̀ Adéfaratì gbé e lọ sí Àkùngbá-Àkókó. Ajáṣin ti kú ní 1997, nígbà tí ó sì di 2004, wọ́n fi orúkọ rẹ̀ pe yunifásítì náà. Ẹni tí ó sọ ọmọ lórúkọ ọ̀gá rẹ̀, orúkọ tirẹ̀ gan-an ni ọmọ náà wá ń jẹ́ níkẹyìn.

Níbi tí a dé yìí, òwe àwọn àgbà fẹ́ yí ojú padà sí wa. Adéfaratì tí ó gbé yunifásítì lọ sí Àkùngbá, ọmọ Àkùngbá ni. Olúṣẹ́gun Àgàgú dá ti ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì àti ìmọ̀-ẹ̀rọ sílẹ̀ ní Òkìtìpupa ní 2008, agbègbè Òkìtìpupa ni ó ti wá. Lẹ́yìn ikú rẹ̀ ní 2013, orúkọ rẹ̀ ni wọ́n wá fi pè é. Olúṣẹ́gun Mímikò dá University of Medical Sciences sílẹ̀ ní ìlú Oǹdó, ó sì bẹ̀rẹ̀ ní 2015, ọmọ Oǹdó ni. Ilé ni wọ́n wò lóòótọ́, ilé tiwọn! N kò sọ pé ibi tí wọ́n yàn kò dára. Oǹdó ti ní ilé ìwòsàn tí ó tó fi bẹ̀rẹ̀ ẹ̀kọ́ ìṣègùn, àwọn ará Òkìtìpupa náà sì ti jìnnà sí olú-ìlú jù tẹ́lẹ̀. Ṣùgbọ́n a kò lè kọ ìtàn yìí kí a fo èyí dá. Ajáṣin ọmọ Ọ̀wọ̀ ni ó yàtọ̀, Adó ni ó gbé yunifásítì sí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ gbogbonìṣe ti ìpínlẹ̀ bọ́ sí Ọ̀wọ̀ lákòókò tirẹ̀.

Kì í ṣe ọ̀dọ̀ wa nìkan ni irú èyí ti ń ṣẹlẹ̀. Ní oṣù Karùn-ún ọdún 2012, Ààrẹ Goodluck Jonathan kéde pé Yunifásítì Èkó yóò máa jẹ́ orúkọ Moshood Abíọ́lá. Àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bọ́ sí ìgboro, wọn kò gbà, orúkọ àtijọ́ ni ó sì borí. Kì í ṣe pé wọ́n kórìíra Abíọ́lá. Ohun tí wọ́n ń sọ ni pé ẹnikẹ́ni kò bi àwọn tí ó ń jẹ́ orúkọ náà léèrè. Ní oṣù Keje ọdún 2025, Buhari kú, láàárín ọjọ́ díẹ̀ ìjọba àpapọ̀ sì kéde orúkọ rẹ̀ fún Yunifásítì Maiduguri. Maiduguri yìí kan náà ni ìjọba rẹ̀ so Yola mọ́ ní 1984. Bóyá ni ẹnikẹ́ni nínú àwọn tí ó ṣe ìkéde náà rántí.

Èyí tí ó wù mí jù nínú gbogbo orúkọ wọ̀nyí wà ní ìlú Oǹdó. Ìròyìn ìgbìmọ̀ Ashby ti 1960 fi hàn pé olùkọ́ tí ó kàwé dáadáa kò tó ní Nàìjíríà. Láti ibẹ̀ ni a ti bẹ̀rẹ̀ sí í dá kọ́lẹ́jì ńláńlá fún àwọn olùkọ́, UNESCO sì ràn wá lọ́wọ́. Èyí tí ó jẹ́ ti Ìwọ̀-Oòrùn fìdí kalẹ̀ sí Oǹdó ní 1964, Adeyemi College of Education sì ni orúkọ tí a wá mọ̀ ọ́n sí. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwọn tí ó gba oyè yunifásítì níbẹ̀, ìwé-ẹ̀rí Ifẹ̀ ni wọ́n ń gbé lọ sílé. Oǹdó ni wọ́n ti jókòó kẹ́kọ̀ọ́, olùkọ́ Oǹdó ni ó kọ́ wọn, orúkọ Awólọ́wọ̀ ni ó wà lára ìwé. Ní òpin ọdún 2021, ìjọba àpapọ̀ fọwọ́ sí òfin tí ó sọ kọ́lẹ́jì náà di Adeyemi Federal University of Education. Kọ́lẹ́jì lọ, yunifásítì dé, Adéyẹmí dúró. Mo gbà pé èyí ni ó dára jù nínú gbogbo ìyípadà tí mo ti kà sílẹ̀ yìí, nítorí pé kò sí akẹ́kọ̀ọ́jáde àtijọ́ kan tí yóò ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé fún agbanisíṣẹ́ pé ilé-ẹ̀kọ́ òun kò tíì kú. Ẹ bi àwọn tí ó wà ní Adó láàárín 1982 sí 1985 wò.

Ta wá ni Adéyẹmí? Bí mo bá bi àwọn ọmọ ilé-ìwé léèrè, ọ̀pọ̀ a ní Aláàfin ni. Rárá o. Kánọ́ọ̀nù M. C. Adéyẹmí ni, àlùfáà ìjọ Áńgílíkà, tí ó jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé Ondo Boys' High School tí a dá sílẹ̀ ní 1919. Òǹkọ̀wé sì ni pẹ̀lú. Ní 1914, ó tẹ ìwé kan jáde ní Ìbàdàn lórí ìtàn Ọ̀yọ́-Ilé àti Ọ̀yọ́ ti ìsisìyí, Yorùbá ni ó sì fi kọ ọ́. Ẹ wo ọdún náà dáadáa. Samuel Johnson ti parí ìtàn Yorùbá tirẹ̀ ní 1897, ṣùgbọ́n 1921 ni ó tó jáde lórí ìwé, èdè Gẹ̀ẹ́sì sì ni. Ìwé Adéyẹmí ti wà lọ́wọ́ àwọn ènìyàn ṣáájú rẹ̀, ní èdè tí ìyálé ilé lè kà.

Ní 1989, Tóyìn Fálọlá àti Michel Doortmont túmọ̀ ìwé náà sí Gẹ̀ẹ́sì nínú Journal of African History, wọ́n sì kọ nípa ẹni tí ó kọ ọ́. Iṣẹ́ ńlá ni wọ́n ṣe. Àbájáde rẹ̀ lónìí ni pé akẹ́kọ̀ọ́ tí ó ní kọ̀ǹpútà yóò tètè rí ti Gẹ̀ẹ́sì ju ti Yorùbá lọ.

Ẹ̀ka ẹ̀kọ́ Yorùbá sì wà ní Adéyẹmí láti ọjọ́ pípẹ́, ọ̀pọ̀ olùkọ́ tí ó ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní Yorùbá láti Ọ̀wọ̀ dé Ìkirè ni ó gba ibẹ̀ kọjá. Nísinsìnyí tí wọ́n ti di yunifásítì, tí wọ́n ń fún ènìyàn ní oyè pẹ̀lú orúkọ ara wọn, ìwé 1914 yìí ni ì bá kọ́kọ́ wù mí kí wọ́n tún tẹ̀. Kí wọ́n gbé ojú-ìwé àtijọ́ sí apá kan, kí wọ́n kọ ọ́ ní àkọtọ́ òde-òní ti 1974 sí apá kejì, kí wọ́n fi àmì ohùn sí i, kí wọ́n sì ṣàlàyé àwọn ọ̀rọ̀ tí ó ti ń parẹ́. Ìwé náà kò tóbi. Olùkọ́ méjì àti akẹ́kọ̀ọ́ mélòó kan lè ṣe é láàárín ọdún kan, kí a sì fi ẹ̀dà kọ̀ọ̀kan lé ọwọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá ń wọlé sí ọdún kìíní níbẹ̀.