Epo Ń Jò Lára Kábúrétọ̀: Ìtàn Ọgbọ́n Mẹkáníìkì ní Ìwọ̀-Oòrùn Èkìtì

Ìfáàrà

Nígbà tí àwọn onímọ̀ bá ń kọ ìtàn ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ ní ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọ̀nà, ọ̀rọ̀ kòkó àti ọ̀rọ̀ àwọn olówó tí ó kọ́kọ́ ra ọkọ̀ ni ó máa ń gba ojú ìwé wọn. Ẹni tí ó ń tún ọkọ̀ náà ṣe kì í sábà hàn níbẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni kò sí ọkọ̀ tí yóò pẹ́ lójú pópó láìjẹ́ pé ẹnìkan ti tú ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Iṣẹ́ kan ṣoṣo nínú iṣẹ́ mẹkáníìkì ni àpilẹ̀kọ yìí gbé yẹ̀ wò, ìyẹn ni wíwá ojú ibi tí epo bẹntiróòlù ti ń jò lára kábúrétọ̀, pàápàá ní agbègbè Ìjerò, Arámọkọ àti Ẹ̀fọ̀n-Alààyè. Ohun tí ó fara hàn ni pé ọgbọ́n yìí kò dúró sójú kan. Irú ọkọ̀ tí ó wà lóde, iye owó epo àti bí epo náà ṣe mọ́ tó ni ó ń yí i padà.

Ọkọ̀ àwọn òṣìṣẹ́ àti òkè Ẹ̀fọ̀n

Ọdún 1906 ni ọ̀nà ọkọ̀ láti Ìbàdàn dé Ọ̀yọ́ di lílò. Ó pẹ́ lẹ́yìn èyí kí ọkọ̀ tó di ohun tí ojú ń rí lójoojúmọ́ ní Èkìtì, ọkọ̀ akẹ́rù tí ń wá kó kòkó ni ó sì pọ̀ jù nínú ohun tí àwọn àgbà kọ́kọ́ mọ̀. Àwọn ọdún 1970 ni ìyípadà ńlá dé. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹrin ọdún 1972, Nàìjíríà fi apá òsì ọ̀nà sílẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wa ọkọ̀ ní apá ọ̀tún. Lẹ́yìn tí owó epo rọ̀bì gbéra sókè lágbàáyé ní 1973, tí owó Údójì sì wọ ọwọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba, àwọn tí oṣù wọn kì í tó gbọ́ bùkátà tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ra ọkọ̀. Ní oṣù Kẹta ọdún 1975, ilé-iṣẹ́ Peugeot bẹ̀rẹ̀ sí í to ọkọ̀ ní Kàdúná, Volkswagen náà sì bẹ̀rẹ̀ tirẹ̀ ní Èkó. Báyìí ni Píjò 504 àti ọkọ̀ kékeré tí gbogbo ènìyàn ń pè ní Ìjàpá ṣe di ọkọ̀ tíṣà, ọkọ̀ nọ́ọ̀sì àti ọkọ̀ akọ̀wé. Kábúrétọ̀ ni àwọn méjèèjì ń lò.

Ọ̀nà tí ó gba agbègbè Ẹ̀fọ̀n kọjá láti ìhà Iléṣà wá sí Arámọkọ àti Adó-Èkìtì jẹ́ ọ̀nà olókè. Bí ọkọ̀ bá ń gun òkè, epo inú kábúrétọ̀ a fì sí ẹ̀yìn tàbí sí ẹ̀gbẹ́, ẹ̀rọ lè máa kọ́ tàbí kí ó máa rùn fún epo. Àwọn awakọ̀ a máa di ẹ̀bi gbogbo rẹ̀ ru òkè. Èyí kò tọ̀nà pátápátá. Kábúrétọ̀ tí ara rẹ̀ dá lè kọ́ díẹ̀ lórí òkè, ṣùgbọ́n kì í kán epo sílẹ̀ nígbà tí ọkọ̀ bá dé ilẹ̀ tẹ́jú. Bí ó bá ń kán sílẹ̀ níbẹ̀, àìsàn ti wà lára rẹ̀ kí ó tó gun òkè.

Jíjò àti kíkún

Kò ṣeé ṣe láti mọ rírì ọgbọ́n tí à ń sọ láìmọ bí ẹ̀rọ kékeré yìí ṣe ń ṣiṣẹ́. Pọ́ọ̀ǹpù ń fa epo láti inú táńkì, ó ń tì í wá sínú àwo kékeré kan lára kábúrétọ̀. Nínú àwo náà ni fúlóòtù wà, ohun fífúyẹ́ tí ó ń léfòó. Bí epo ti ń kún ni fúlóòtù ń gbéra, tí ó sì ń ti abẹ́rẹ́ kan, tí wọ́n ń pè ní nídù, sínú ihò tí epo ń gbà wọlé, títí ihò náà yóò fi dí. Bí ẹ̀rọ bá mu epo náà, fúlóòtù a wálẹ̀, ihò a sì tún ṣí. Ẹni tí ó bá ti ṣí agbada omi ilé ìyàgbẹ́ ìgbàlódé wò rí ti rí irú rẹ̀. Láti inú àwo yìí ni afẹ́fẹ́ tí ń sáré kọjá lọ́fun kábúrétọ̀ ti ń fa epo gba ojú jẹ́ẹ̀tì lọ sínú ẹ̀rọ.

Ẹni tí ó ni ọkọ̀ yóò sọ pé epo ń jò, ọ̀rọ̀ rẹ̀ a sì parí síbẹ̀. Lójú mẹkáníìkì, nǹkan méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni ọ̀rọ̀ kan yìí gbé dání. Èkíní ni kí epo máa jò, ìyẹn ni kí ó gba ibi tí kò yẹ kí ihò wà jáde: họ́ọ̀sì tí ó ti sán, kílíìpù tí ó dẹ̀, gásíkẹ́ẹ̀tì tí ó ti gbẹ, tàbí awọ pẹlẹbẹ tí ń fún epo nígbà tí awakọ̀ bá tẹná, bí ó bá ti ya. Èkejì ni kí epo máa kún àkúnwọ́sílẹ̀. Kò sí ihò kankan níbẹ̀. Ojú ọ̀nà tí ó yẹ kí ó dí ni kò dí, epo sì ń ru jáde láti òkè tàbí kí ó máa ṣàn sí ọ̀fun kábúrétọ̀. Ẹni tí ó bá fi oògùn àkọ́kọ́ wo àrùn kejì yóò pààrọ̀ gásíkẹ́ẹ̀tì títí, epo kò ní dáwọ́ dúró.

Nítorí náà, ohun àkọ́kọ́ tí ọmọ iṣẹ́ ń kọ́ ni sùúrù. Wọn a pa ẹ̀rọ, wọn a jẹ́ kí ó tutù, wọn a fi àkísà nu gbogbo ara kábúrétọ̀ kí ó gbẹ táútáú. Lẹ́yìn èyí ni wọn a tún tan ẹ̀rọ, tí wọn a sì máa wo ibi tí yóò kọ́kọ́ rin. Epo tí ó ti ṣàn kálẹ̀ kò lè fi orísun ara rẹ̀ hàn. Èyí tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ yọ nìkan ni ó lè ṣe bẹ́ẹ̀. Bí ó bá jẹ́ kíkún ni, wọn a ṣí ìdérí àwo, wọn a yọ fúlóòtù, wọn a mì í létí. Bí omi bá ń dún nínú rẹ̀, ó ti lu, epo ti wọ inú rẹ̀, kò sì lè léfòó mọ́. Èyí tí a fi idẹ ṣe ni wọ́n ń rì bọ omi gbígbóná kí ìfóófòó lè tọ́ka sí ojú ihò náà. Ẹni tí ó bá sì fẹ́ fi òjé dí i gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọn gbogbo epo inú rẹ̀ dànù, nítorí èéfín epo tí ó kù nínú fúlóòtù lè bú gbàmù bí iná bá kàn án. Nídù ńkọ́? Ẹnu ni wọ́n fi ń dán an wò. Wọn a fẹ́ atẹ́gùn gba ojú ihò nígbà tí fúlóòtù bá wà lókè. Bí atẹ́gùn bá ń kọjá, nídù ti jẹ tàbí ìdọ̀tí há sí i lẹ́nu. Ọgbọ́n tí ó múná dóko ni, ṣùgbọ́n ẹnu àti ẹ̀dọ̀fóró ni ó ń san owó rẹ̀.

Iná lẹ́yìn Ìjàpá

Ìjàpá ní ewu tirẹ̀. Ẹ̀yìn ni ẹ̀rọ rẹ̀ wà, òórùn epo kì í sì í tètè dé imú awakọ̀. Lára kábúrétọ̀ Solex rẹ̀, ọ̀pá idẹ kékeré tí họ́ọ̀sì epo ń wọ̀ jẹ́ ohun tí wọ́n kàn tì bọ ojú ihò ní ilé-iṣẹ́. Bí ọjọ́ ti ń gorí ọjọ́, ooru àti gbígbọ̀n ẹ̀rọ a mú un dẹ̀. Bí ó bá já bọ́ lójú ọ̀nà, pọ́ọ̀ǹpù a máa da epo sórí ẹ̀rọ gbígbóná, nítòsí ibi tí iná ti ń ta. Kárí ayé ni iná ti jó ọ̀pọ̀ Ìjàpá nítorí èyí. Mẹkáníìkì tí ó mọ iṣẹ́ rẹ̀ a fi ọwọ́ mì ọ̀pá yìí nígbàkígbà tí ó bá ṣí ìdérí ẹ̀yìn, ìbáà jẹ́ pé púlọ́ọ̀gì nìkan ni ó wá pààrọ̀.

Nígbà tí epo wọ́n

Títí di oṣù Kẹta ọdún 1986, 20 kọ́bọ̀ ni lítà bẹntiróòlù kan. Ní irú àkókò bẹ́ẹ̀, ẹni tí epo ń kán lábẹ́ ọkọ̀ rẹ̀ lè sọ pé òun yóò dé ọ̀dọ̀ mẹkáníìkì bí ó bá di òpin oṣù. Nǹkan yí padà láàrin ọdún kan péré. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1993, ìjọba fìdíhẹẹ́ Ernest Shonekan gbé e láti 70 kọ́bọ̀ sí ₦5. Ìjọba ológun tí ó gba ipò lọ́wọ́ rẹ̀ dín in kù sí ₦3.25, ṣùgbọ́n nígbà tí yóò fi di oṣù Kẹwàá ọdún 1994, ó ti di ₦11. Èyí ju ìlọ́po mẹ́ẹ̀ẹ́dógún owó 70 kọ́bọ̀ lọ. Kíkán epo tí kò jọ ẹnikẹ́ni lójú tẹ́lẹ̀ wá di ohun tí wọ́n ń jí wò láàárọ̀.

Ọ̀wọ́n epo ló tún mú àrùn náà burú sí i. Nígbà tí ilé epo bá gbẹ, inú kẹ́ẹ̀gì lẹ́bàá ọ̀nà ni àwọn ènìyàn ti ń ra epo, èyí tí omi, ìpẹtà àti ìyanrìn lè wà nínú rẹ̀. Yanrìn ẹyọ kan ṣoṣo tí ó bá há sẹ́nu nídù tó láti mú kí kábúrétọ̀ kún àkúnwọ́sílẹ̀. Nídù titun kò lè wo èyí sàn bí táńkì kò bá mọ́. Ẹni tí ó ń wo kábúrétọ̀ nìkan ní irú àkókò yẹn kò wo ọkọ̀ náà tán. Nínú ọ̀wọ́n yìí náà ni ọgbọ́n ọṣẹ gbilẹ̀: wọn a tẹ ọṣẹ líle mọ́ ojú ibi tí táńkì ti ń jò, nítorí epo bẹntiróòlù kì í yọ́ ọṣẹ bí omi ti í yọ́ ọ. Ọgbọ́n ìrìnàjò ni èyí jẹ́, kì í ṣe àtúnṣe.

Ìmọ̀ tí ó ṣí kúrò lára ọkọ̀

Ní 1982 ni ètò ẹ̀kọ́ 6-3-3-4 bẹ̀rẹ̀, tí ẹ̀kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ sì wọ ilé-ẹ̀kọ́ girama. Èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ́ ọ, ọ̀pọ̀ ẹ̀rọ tí ìjọba rà fún un ni ó sì wà nínú àpótí tí ẹnikẹ́ni kò ṣí. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé-ẹ̀kọ́ kan náà, lábẹ́ igi, ọmọ iṣẹ́ tí kò ka ìwé púpọ̀ ń fi Yorùbá ṣàlàyé ohun tí ó fà á tí epo fi ń kún. Àwọn méjèèjì kò pàdé. Àdánù ńlá ni èyí fún àwọn tí ń wá ọ̀rọ̀ ìperí Yorùbá fún ìmọ̀ sáyẹ́ǹsì.

Ọ̀pọ̀ nínú ọkọ̀ tòkunbọ̀ tí ń wọlé láti òpin àwọn ọdún 1990 kò ní kábúrétọ̀ mọ́. Kọ̀ǹpútà ni ó ń wọn epo fún ẹ̀rọ wọn. Ṣùgbọ́n kábúrétọ̀ kò kú. Ó ṣí lọ sára ọ̀kadà àti jẹnẹrétọ̀ kékeré, àrùn rẹ̀ sì yí ìwà padà níbẹ̀. Lára Píjò, bí wọ́n bá pa ẹ̀rọ, pọ́ọ̀ǹpù a dúró, epo a sì ṣíwọ́ kíkún. Lára jẹnẹrétọ̀, òkè kábúrétọ̀ ni táńkì wà, epo ń wálẹ̀ fúnra rẹ̀ tọ̀sán-tòru. Bí nídù bá jẹ, tí ẹni tí ó ni ín kò sì pa ẹnu táàpù epo kí ó tó sùn, epo lè gba ọ̀fun kábúrétọ̀ wọ inú ẹ̀rọ, kí ó lọ dà pọ̀ mọ́ ọ́ìlì. Ní àárọ̀, ọ́ìlì a ti ga ju bí ó ti wà lálẹ́ àná lọ, yóò sì máa rùn fún bẹntiróòlù. Atúnṣe tí ó bá ti rí èyí rí kì í fa okùn jẹnẹrétọ̀ náà títí yóò fi da gbogbo ọ́ìlì inú rẹ̀ nù.